Nígbà tí QGIS, GDAL àti PROJ kò bá gbọ́ra yé mọ́ lẹ́yìn ìgbéga Ubuntu

Ẹ gbé Ubuntu yín láti 22.04 bọ́ sí 24.04, iṣẹ́ náà parí láìsí ariwo, ẹ tan ẹ̀rọ padà, ẹ tẹ QGIS, ètò tí a fi ń ṣe máàpù, kò dìde. Ẹlòmíì, tirẹ̀ dìde, àmọ́ PostGIS (apá tó ń bá dátábéèsì PostgreSQL tọ́jú máàpù) tó ń ṣiṣẹ́ lánàá ń pariwo pé òun ò rí libproj.so.22. Ẹlòmíì ò rí àṣìṣe kankan rárá, àfi ìgbà tó ṣí máàpù Ìbàdàn rẹ̀ tó bá a láàárín òkun. Ẹni kẹta yìí ni mo máa ń káàánú jù, a ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀: kí ẹ tó fi ohunkóhun kún ẹ̀rọ tàbí kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò, ẹ kọ́kọ́ mọ fáìlì tí ètò náà ń ṣí gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré yọ QGIS kúrò, wọ́n á tún un fi sí i. Kì í sábà wo nǹkan kan sàn, nítorí QGIS kọ́ ló ń ṣàìsàn.

Ohun tí ìgbéga náà yí padà

QGIS kì í fúnra rẹ̀ ka shapefile tàbí GeoTIFF, láíbìrì GDAL (láíbìrì ni àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) ló ń bá a kà á. GDAL náà kì í fúnra rẹ̀ yí kọ́ọ̀dínéètì (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí nǹkan wà) láti ètò kan sí òmíràn, PROJ ló ń ṣe é fún un. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ méjì wọnú ara wọn, GEOS ni iṣẹ́ yẹn bọ́ sí lọ́wọ́. PostGIS àti ọ̀pọ̀ àdìpọ̀ Python fún máàpù gbára lé àwọn mẹ́ta kan náà yìí.

Ubuntu 22.04 ń lo GDAL 3.4.1, fáìlì rẹ̀ sì ń jẹ́ libgdal.so.30. PROJ rẹ̀ jẹ́ 8.2.1, ìyẹn libproj.so.22. Nígbà tí ẹ dé 24.04, GDAL ti di 3.8.4 pẹ̀lú libgdal.so.34, PROJ ti di 9.4.0 pẹ̀lú libproj.so.25. Python kúrò ní 3.10, ó di 3.12. PostgreSQL kúrò ní 14, ó di 16. Ètò tí wọ́n kọ́ mọ́ libgdal.so.30 ò ní gba 34, bí ẹ tiẹ̀ gbé e síwájú rẹ̀.

Ohun kejì wà tí ọ̀pọ̀ ò ṣàkíyèsí. Bí ìgbéga Ubuntu bá ń lọ, ó máa ń pa gbogbo repository (ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa ètò wálẹ̀) tí kì í ṣe ti Ubuntu fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láti repository qgis.org tàbí ti ubuntugis lẹ ti mú QGIS yín, ẹ̀dà tí wọ́n kọ́ fún 22.04 ni yóò ṣì wà lórí ẹ̀rọ, láàárín àwọn láíbìrì 24.04. Ẹ ṣí àwọn fáìlì inú /etc/apt/sources.list.d/, ẹ wo èyí tí wọ́n ti pa, ẹ fi noble (orúkọ 24.04) rọ́pò jammy (orúkọ 22.04), ẹ tan án padà, kí ẹ wá fi apt, ètò tí Ubuntu fi ń kó àdìpọ̀ wá, ṣe apt update àti apt full-upgrade. Nígbà mìíràn gbogbo ìjà náà parí síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà dáadáa

Ẹ má ṣe tẹ àwòrán QGIS lójú iṣẹ́, torí yóò kú láìsọ nǹkan kan. Ẹ ṣí tẹ́míná kí ẹ kọ qgis, kó lè rojọ́. Ohun tó bá sọ ni yóò fi ọ̀nà hàn yín.

Bí ẹ bá rí «error while loading shared libraries: libgdal.so.30: cannot open shared object file», ó túmọ̀ sí pé ètò àtijọ́ kan ń wá láíbìrì àtijọ́ tí kò sí mọ́. Ètò yẹn ni ẹ máa pààrọ̀, ẹ má fọwọ́ kan láíbìrì.

Bí ẹ bá rí «symbol lookup error» tàbí «undefined symbol», fáìlì wà, orúkọ rẹ̀ sì bá ohun tí ètò náà ń wá mu, àmọ́ iṣẹ́ kan tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Èyí sábà máa ń wáyé nígbà tí ẹ̀dà méjì láíbìrì kan náà bá wà lórí ẹ̀rọ, tí èyí tí kò tọ́ sì kọ́kọ́ jẹ́ ìpè. Bí Táíwò méjì bá wà nínú agbo ilé kan, tí ẹ pe Táíwò lẹ́ẹ̀kan, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa dáhùn, yálà òun lẹ ń wá tàbí òun kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá dárúkọ proj.db tàbí DATABASE.LAYOUT.VERSION, ẹ fo lọ sí ìgbésẹ̀ kẹta. Bó bá dárúkọ NumPy (láíbìrì ìṣirò fún Python) tàbí _gdal_array, ti Python ni, ẹ lọ sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ẹ ó rí ẹni tó máa gbà yín nímọ̀ràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ fi ln -s so libgdal.so.34 mọ́ orúkọ libgdal.so.30. Ẹ má ṣe é, mo bẹ̀ yín. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn .so yẹn ni àdéhùn láàárín láíbìrì àti ètò tó ń lò ó, wọn kì í yí i padà lásán. Bó bá ṣiṣẹ́ lónìí, ó lè wó lulẹ̀ lọ́la nígbà tí ẹ bá ń fi fáìlì oníbàárà pamọ́. Ohun tó ń wó lulẹ̀ ṣì sàn ju èyí tó ń kọ nọ́ńbà òdì sílẹ̀ láìwí nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ń dáhùn ìpè?

Ẹ kọ àwọn àṣẹ yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

which -a qgis gdalinfo ogr2ogr
ldd $(which ogr2ogr) | grep -E 'gdal|proj|geos|not found'
ldconfig -p | grep -E 'libgdal|libproj|libgeos'
env | grep -E 'PROJ|GDAL|LD_LIBRARY|PYTHONPATH'

Àkọ́kọ́ yóò sọ bóyá ogr2ogr ju ẹyọ kan lọ. Ìkejì yóò fi fáìlì tí ogr2ogr ń ṣí hàn, pẹ̀lú fódà tó ti mú un. Bí «not found» bá wà nínú èsì rẹ̀, ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá. Ìkẹta yóò ka gbogbo láíbìrì tí ẹ̀rọ mọ̀ sí. Ìkẹrin ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí àtúnṣe tí ẹnì kan ti kọ sínú .bashrc (fáìlì tí tẹ́míná ń kà nígbà tó bá ṣí) láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn á jáde síta.

Bí ẹ bá rí /usr/local/lib nínú èsì ldd, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ́ GDAL tàbí PROJ láti orísun rẹ̀ nígbà kan rí. Ubuntu máa ń wo /usr/local/lib ṣáájú /usr/lib, nítorí náà èyí tí ẹ kọ́ nígbà yẹn ló ṣì ń dáhùn títí di òní. Tí kò bá dá yín lójú ẹni tó ni fáìlì kan, ẹ bi dpkg pẹ̀lú ọ̀nà fáìlì náà bí ẹ ṣe rí i nínú èsì ldconfig:

dpkg -S /usr/local/lib/libproj.so.22

Bó bá fèsì pé kò sí àdìpọ̀ tó ni ín, kì í ṣe apt ló gbé e wá. Ẹ má ṣe pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó gbogbo libgdal*, libproj* àti libgeos* tó wà níbẹ̀ sínú fódà mìíràn, ẹ ṣe sudo ldconfig, kí ẹ tún QGIS dán wò. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́, ẹ lè kó wọn padà.

LD_LIBRARY_PATH tó bá jáde nínú àṣẹ kẹrin, ẹ yọ ọ́ kúrò fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú unset LD_LIBRARY_PATH, ẹ tún gbìyànjú. Ó máa ń gba iwájú ọ̀nà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ̀.

Bí QGIS bá dìde, ẹ lọ sí Help, ẹ tẹ About. Ó máa ń kọ ẹ̀dà GDAL, PROJ àti GEOS tí wọ́n fi kọ́ ọ àti èyí tó ń lò lọ́wọ́. Bí méjèèjì bá yàtọ̀ síra, àlàyé ti dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: proj.db

Láti PROJ 6, tó jáde ní 2019, àpèjúwe ètò kọ́ọ̀dínéètì ti kúrò nínú àwọn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, wọ́n ti wọnú dátábéèsì SQLite kan tó ń jẹ́ proj.db. Ẹ̀dà PROJ kọ̀ọ̀kan mọ irú proj.db tó lè kà. Bí tuntun bá ṣí ti àtijọ́, ẹ ó rí nǹkan tó jọ èyí:

contains DATABASE.LAYOUT.VERSION.MINOR = 2 whereas a number >= 3 is expected. It comes from another PROJ installation.

Nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀ tán: ọ̀dọ̀ PROJ mìíràn ni proj.db yìí ti wá. Ẹ wá gbogbo èyí tó wà lórí ẹ̀rọ:

sudo find / -name proj.db 2>/dev/null

Kí ẹ wá bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Bí sqlite3 kò bá sí lórí ẹ̀rọ yín, apt ní i.

sqlite3 /usr/share/proj/proj.db "select * from metadata"

Ibi tí ọ̀ràn náà ti sábà máa ń wá ni PROJ_LIB. Environment variable yìí (ìtọ́nisọ́nà tí ẹ̀rọ fi lélẹ̀ fún àwọn ètò) ló ń sọ fún PROJ ibi tí kó ti mú proj.db. Láti PROJ 9.1, orúkọ tuntun rẹ̀ ni PROJ_DATA, àmọ́ PROJ_LIB àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìlà kan tí ẹ ti gbàgbé nínú .bashrc, .profile tàbí /etc/environment ṣì lè máa darí PROJ lọ sí fódà tí kò yẹ. Ẹ ṣe unset PROJ_LIB PROJ_DATA GDAL_DATA, ẹ tún QGIS pè láti tẹ́míná kan náà. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ wá ìlà tó ń gbé e ka ibẹ̀ kí ẹ pa á rẹ́. PROJ tí apt gbé wá mọ ilé ara rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fọ̀nà hàn án.

Ẹni tó ń lo conda, ètò tó ń kó àdìpọ̀ Python àti láíbìrì wọn sínú àyíká tiwọn, ẹ gbọ́ èyí pàápàá. Bí conda bá ń tan àyíká base fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí tẹ́míná, tí PROJ sì wà nínú base yẹn, ó ń gbé PROJ_DATA sí ti ara rẹ̀. QGIS tí ẹ bá pè láti tẹ́míná yẹn á lọ ṣí proj.db conda. Ẹ ṣe conda deactivate kí ẹ tó pè é, tàbí kí ẹ parí rẹ̀ pátápátá:

conda config --set auto_activate_base false

Àwọn tó ń lo Windows náà ń bá èyí pàdé. Nígbà tí wọ́n bá ń fi PostGIS sórí ẹ̀rọ, ó máa ń béèrè bóyá kó gbé PROJ_LIB àti GDAL_DATA kalẹ̀ fún gbogbo ẹ̀rọ, ènìyàn á sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìrò ó. Láti ọjọ́ yẹn, rasterio (àdìpọ̀ Python fún máàpù) àti àwọn ètò mìíràn á máa ka proj.db PostGIS. Ẹ lọ sí System Environment Variables kí ẹ yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Python

Àyíká venv (fódà tí Python fi ń ya àdìpọ̀ iṣẹ́ kan sọ́tọ̀) tí ẹ fi Python 3.10 dá ti kú nígbà tí 3.12 dé. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti jí i dìde, ẹ dá tuntun. Bí ẹ bá sì gbìyànjú láti lo pip, ètò tó ń fi àdìpọ̀ Python sórí ẹ̀rọ, láìsí venv, Ubuntu 24.04 yóò dá yín dúró pẹ̀lú «externally-managed-environment». Ìdènà tó dára ni, nítorí pip tó ń kó nǹkan sí gbogbo ẹ̀rọ ló fa ìdajì àwọn àṣìṣe tí mò ń sọ yìí.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni NumPy. Ubuntu 24.04 ní NumPy 1.26, GDAL rẹ̀ sì bá ìyẹn mu. NumPy 2.0 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Bí plugin kan tàbí ẹ̀yin fúnra yín bá fi NumPy 2 sínú ~/.local, òun ni Python yóò kọ́kọ́ rí, ẹ ó sì rí «A module that was compiled using NumPy 1.x cannot be run in NumPy 2». Ẹ dán èyí wò:

PYTHONNOUSERSITE=1 qgis

Àṣẹ yìí sọ fún Python pé kó má wo ~/.local rárá. Bí QGIS bá wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú ~/.local ni ẹlẹ́bi wà. Ẹ yọ NumPy tó wà níbẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ran nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ gbìyànjú qgis --noplugins láti mọ̀ bóyá plugin ni.

Ẹni tó nílò osgeo (orúkọ tí Python fi ń pe GDAL) nínú venv gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àdìpọ̀ gdal tó wà lórí PyPI, ibi tí pip ti ń kó àdìpọ̀ wá, kì í gbé láíbìrì GDAL dání. Ó máa ń kọ́ ara rẹ̀ mọ́ èyí tó wà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀dà méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu:

sudo apt install libgdal-dev gdal-bin python3-dev python3-venv build-essential
python3 -m venv ~/maapu
source ~/maapu/bin/activate
pip install "numpy<2" setuptools wheel
pip install --no-build-isolation --no-cache-dir "gdal==$(gdal-config --version)"

Ẹ má ṣe yọ --no-cache-dir. Láìsí i, pip lè mú èyí tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ jáde fún yín, ẹ̀ báà pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Rasterio, fiona àti pyogrio yàtọ̀. Èyí tí pip ń gbé wá láti PyPI ní libgdal tirẹ̀ nínú. Bí osgeo àti rasterio bá wà nínú venv kan náà, GDAL méjì ló wà nínú ètò kan. Ó lè ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, kó wá wó lulẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kò rò. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó ń lo geopandas nìkan jókòó ti pip, kó má fọwọ́ kan osgeo. Ẹni tó nílò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó lọ sí conda-forge, níbi tí wọ́n ti kọ́ gbogbo wọn mọ́ GDAL kan ṣoṣo:

conda create -n maapu -c conda-forge --override-channels gdal rasterio geopandas

Tí ẹ bá pàdé «module 'fiona' has no attribute 'path'», kì í ṣe ọ̀rọ̀ láíbìrì rárá. Fiona 1.10 yọ nǹkan kan tí geopandas àtijọ́ ń lò. Ẹ gbé geopandas lọ sí 1.0 tàbí sókè sí i, ó ti ń lo pyogrio dípò fiona.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: PostGIS

Níbí ni kí ẹ ti rọra. Lẹ́yìn ìgbéga, PostgreSQL 14 àti 16 lè máa gbé pọ̀, dátà yín sì ṣì wà nínú 14. Àṣẹ pg_lsclusters yóò fi méjèèjì hàn. Bí ẹ bá rí nǹkan bí èyí:

could not load library "/usr/lib/postgresql/14/lib/postgis-3.so": libproj.so.22: cannot open shared object file

ẹ lè rò pé kí ẹ yára ṣe pg_dump, àṣẹ tó ń da dátábéèsì kọ sínú fáìlì, kí ẹ sì gbé e lọ sí 16. Kò ní ṣeé ṣe. pg_dump fúnra rẹ̀ nílò postgis-3.so kó tó lè kọ geometry jáde. Ẹ mú PostGIS fún 14 tí wọ́n kọ́ fún noble láti repository apt.postgresql.org:

sudo apt install postgresql-common
sudo /usr/share/postgresql-common/pgdg/apt.postgresql.org.sh
sudo apt install postgresql-14-postgis-3 postgresql-16-postgis-3
sudo systemctl restart postgresql@14-main

Ẹ ṣe pg_dump báyìí, kí ẹ sì gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn. Lẹ́yìn náà, bí ó bá dá yín lójú pé 16 ṣófo, tó dá yín lójú gidi, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ gbé 14 bọ́ sínú rẹ̀:

sudo pg_dropcluster 16 main --stop
sudo pg_upgradecluster 14 main

Nínú dátábéèsì kọ̀ọ̀kan tó ní PostGIS, ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú:

SELECT postgis_extensions_upgrade();
SELECT postgis_full_version();

Bí èsì ìkẹyìn bá ṣì ní «need upgrade» nínú, ẹ tún àṣẹ àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ má ṣe pa 14 rẹ́ títí ẹ ó fi ka iye ìlà inú tábìlì pàtàkì yín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àṣìṣe tí kò pariwo

Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ pupa kankan, ṣùgbọ́n máàpù wà níbi tí kò yẹ. Ẹni tó gbé sáfà láti Ubuntu 18.04, tó ní GDAL 2.2.3, wá sí ti òde òní ló máa ń rí èyí jù. EPSG ni àkójọ ètò kọ́ọ̀dínéètì tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, EPSG:4326 sì ni WGS 84 tí GPS ń lò. Láti GDAL 3, EPSG:4326 ń tẹ̀ lé ohun tí EPSG fúnra rẹ̀ kọ: ìlà ìbú ló ṣáájú, ìlà òòró tẹ̀ lé e. Kóòdù tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ ń fi ìlà òòró ṣáájú. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí 7.38 àríwá àti 3.90 ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá yí wọn po, 3.90 àríwá àti 7.38 ìlà-oòrùn wà nínú òkun, ní gúúsù Bonny.

Ẹ dán an wò:

echo "7.38 3.90" | cs2cs EPSG:4326 EPSG:32631

Èsì tó dára sún mọ́ 599,000 fún ìlà-oòrùn àti 816,000 fún àríwá. Bí kóòdù yín bá ń mú nǹkan bí 987,000 àti 432,000 jáde, ó ti yí wọn po. Nínú pyproj, ẹ fi always_xy=True sínú Transformer.from_crs. Nínú osgeo, ẹ pe SetAxisMappingStrategy(osr.OAMS_TRADITIONAL_GIS_ORDER) lórí ètò kọ̀ọ̀kan tí ẹ dá.

Èyí tó ṣòroó rí jùyẹn lọ kàn wá ní Nàìjíríà tààrà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwọn ilẹ̀ wa ṣì wà lórí Minna, ètò kọ́ọ̀dínéètì Nàìjíríà, EPSG:4263, àti àwọn bẹ́líìtì rẹ̀ bíi Nigeria West Belt, EPSG:26391. Ọ̀nà láti Minna sí WGS 84 ju ẹyọ kan lọ nínú dátábéèsì EPSG, PROJ ló sì ń yan èyí tó rò pé ó bá agbègbè náà mu. Bí proj.db bá yí padà, tàbí bí kóòdù bá kúrò ní +init àtijọ́, ọ̀nà tó yàn lè yí padà, òpó ilẹ̀ yín á sì sún ní ìwọ̀nba mítà, kò ní bọ́ sínú òkun tí ojú á fi rí i. Ẹ wo àwọn ọ̀nà tó wà:

projinfo -s EPSG:4263 -t EPSG:4326 --spatial-test intersects --summary

Ẹ yan èyí tí ọ́fíìsì yín ti ń lò, kí ẹ sì yàn án ní tààrà nínú QGIS, lábẹ́ Settings, Options, ní ojú ewé tó wà fún yíyí kọ́ọ̀dínéètì padà. Kí ẹ tó gbé sáfà èyíkéyìí ga lẹ́yìn èyí, ẹ mú òpó ilẹ̀ díẹ̀ tí kọ́ọ̀dínéètì wọn dá yín lójú, ẹ yí wọn sí WGS 84, ẹ fi èsì pamọ́ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Lẹ́yìn ìgbéga, ẹ tún un ṣe kí ẹ fi diff wé wọn.

Bí ohun gbogbo bá kọ̀ tí ẹ fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ fi èsì àṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìgbésẹ̀ kejì ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ gdalinfo --version àti odindi ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà, kì í ṣe fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tí ìdajì rẹ̀ ti gé kúrò.